Àpá Ọ̀bẹ Lára Ṣílè Fàdákà Ìyá Àgbà

Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ràfíátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Kàlàbá tí o wà. Bí o bá ń ro tèmi, ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe agídí tí òjò bá ṣú. Má bèèrè ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. O mọ̀ mí. Bí mo bá gbé fóònù sétí, ohun tí o sè ni mo máa ń bèèrè, àti bóyá iná wà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Òrù, ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ inú, ahọ́n mi á wúwo. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n sọ. Nítorí náà, fi ara balẹ̀, kí o bá mi kà á.

O fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ kan ń kó owó àtijọ́ jọ, pé ó ní ṣílè fàdákà ti ayé òyìnbó ti di ọ̀wọ́n, kí n wá ẹni tó máa yẹ ti Ìyá Àgbà wò kí a mọ ohun tó lè mú wá. Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn lo wá kọ gbólóhùn kan sí, bí ẹni tí ń ju èèpo ẹ̀pà nù. O ní àárò ilé ń sọ ọ́, oúnjẹ ò sì wù ọ́ jẹ, ṣùgbọ́n o ò tíì sọ fún Gàníyù ọkọ rẹ. O ní, “Mo fẹ́ wò ó bóyá á fura.” Mo ka gbólóhùn yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àgbà rèé o, ó ti dé Kàlàbá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ìtàn ṣílè yẹn fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìdajì rẹ̀ lo mọ̀.

Kí owó òyìnbó tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná. Nígbà tí òyìnbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ṣílè fún ìhà ọ̀dọ̀ wa, ojúlówó fàdákà ni wọ́n fi rọ àwọn ti àkọ́kọ́. Orí ọba tòun ti adé wà ní ojú kan, igi ọ̀pẹ wà ní ojú kejì. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, fàdákà wọ́n, ni wọ́n bá ń fi idẹ rọ ọ́. Àwọn ènìyàn wa ò fẹ́ràn onídẹ rárá. Ẹni tó bá ní ti fàdákà a gbé e pamọ́ sínú ìkòkò, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń yọ́ ọ fi ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti di ẹ̀gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ìyá wa, àwọn ọmọ wọn sì ti pín in.

Àwa Ìjẹ̀bú wá dá tiwa kún un. Ọmọ ilé ni ọ́, mi ò ní bò ó. Nígbà owó onídẹ, ayédèrú ṣílè pọ̀ ní àdúgbò wa débi pé títí dòní, bí ará ibòmíràn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà dára, á ní, “Ṣé ojúlówó ni àbí Ìjẹ̀bú?” A máa ń bá wọn jà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa gan-an ni ẹ̀rù ń bà jù. Kò sí obìnrin tó ń ta obì ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà tí kò ní òkúta kan lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá san ṣílè fún un, á jù ú sórí òkúta, á tẹ́tí. Ojúlówó á dún gooro, ayédèrú á dún bí ìgbà tí èèyàn ju àpáàdì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá tíì balẹ̀ á fi ọ̀bẹ gé etí owó náà, kó lè rí i bóyá inú rẹ̀ bá òde rẹ̀ mu.

Ọ̀kan nínú àwọn olóbì wọ̀nyẹn ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọ Ìlápòrú lọkọ tí wọ́n fẹ́, télọ̀ ni, ẹni jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, onídẹ ni gbogbo ayé ń ná, ṣùgbọ́n ọkọ mú ṣílè fàdákà kan jáde, èyí tí baba rẹ̀ ti tọ́jú fún un láti kékeré, ó fi ṣe sàdáákì, ẹ̀tọ́ tí ọkọ gbọ́dọ̀ fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Àwọn àlùfáà gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ní ó káre. Ẹbí ìyàwó ń yan. Wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹun, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í túká.

Ìyàwó dìde tòun ti aṣọ ìyàwó lára, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi òkúta ìyá rẹ̀, ó ju ṣílè sí i. Ó dún gooro. Ó tún jù ú, ó tún dún. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó wọlé lọ mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la obì, ó gbé etí ṣílè lé òkúta, ó sì tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn títí tó fi wọlé. Inú rẹ̀ funfun bí òde rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ọkọ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń wò ó.

Ọkọ ò bínú. Ó na apá rẹ̀ sí i, ó ní, “Ó ku èmi. Wá gé èmi náà wò.”

Títí ọkọ wọn fi kú ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá pẹ́ dé láti Òrù, tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ mọ ibi tó yà sí, á na apá: “Ọ̀bẹ rèé, gé e wò.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà sọ fún mi pé àwọn ò rí apá yẹn rí kí ojú má ti àwọn.

Mo mú ṣílè náà lọ sí Àgó-Ìwòyè gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí. Ọ̀gá kan ń kọ́ni ní yunifásítì níbẹ̀, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń lọ sí àsàlátù, owó àtijọ́ ló fi ń ṣe fàájì bí ẹlòmíràn ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ṣe é. Ó fọ ọwọ́ kó tó gbà á, ó di etí rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí ìka òun kan ojú rẹ̀. Ó gbé awò tí í mú nǹkan kékeré tóbi lé e lórí. Ó ní adé ọba ṣì hàn ketekete, ó ní imọ̀ ọ̀pẹ ṣì ṣeé kà. Ó fi lẹ́tà bíńtín kan hàn mí nísàlẹ̀ ọ̀pẹ, tí mi ò kíyè sí rí láti ìgbà tí owó náà ti wà lọ́wọ́ mi. Ó ní lẹ́tà yẹn ló ń jẹ́ kí àwọn mọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, pé ọdún tó wà lára rẹ̀ náà sì ṣe pàtàkì, torí ọdún kan máa ń ṣọ̀wọ́n ju òmíràn lọ. Mo jókòó bí ìyá ọmọ tó gbapò kìíní.

Ó bi mí bóyá mo ti fọ̀ ọ́ rí. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n mo ti gbé eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ kalẹ̀, ǹ bá ti fọ̀ ọ́ ká ní òjò ò lé mi wọlé, torí mi ò fẹ́ gbé nǹkan dúdú wá síwájú ọ̀mọ̀wé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má dán an wò. Dúdú ara rẹ̀ yẹn lẹwà rẹ̀. Ẹni tó mọ owó kì í ra èyí tí wọ́n bá ti bó lójú.”

Lẹ́yìn náà ló yí i po, ó sì rí àpá ọ̀bẹ. Ó mí kanlẹ̀.

“Ta ló gé e?”

“Ìyá ìyá mi ni.”

“Kí ló dé?”

“Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni.”

“Ṣé wọ́n wá mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀.”

Ó rọra gbé e kalẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe ti àpá yẹn, òun fúnra òun ì bá bẹ̀ mí kí n tà á fún òun, torí èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀. Pẹ̀lú àpá yẹn, iye fàdákà inú rẹ̀ ló kù, àti díẹ̀ lórí rẹ̀ bí a bá rí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ mọ́tò padà sílé, mo sì ń bínú sí òkú lọ́nà. Ọ̀bẹ tó jẹ́rìí sí i pé owó yẹn dára, òun náà ló ba owó yẹn jẹ́.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé dán wò láìfi àpá sí i. Bí o bá pa ẹnu mọ́ kí o lè rí i bóyá ọkọ rẹ á fura, tó bá wá fura ńkọ́? O ti mọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n òun náà á mọ̀ pé ńṣe lo gbé òun lé òkúta. Bí kò bá sì fura, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́, tàbí pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé wọn ni kí wọ́n má máa bi èèyàn ní ìbéèrè. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Sọ ọ́ fún un. “Àárò ìyá mi ń sọ mí.” Kò gùn, kò ṣòro.

Èkejì kan bàbá rẹ, Ọlọ́run kó fi Alùjánnà ṣe ilé fún un. Nígbà tí mo di ìyàwó rẹ̀, Mákùn-Omi ló mú mi lọ, níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Èmi ọmọ inú oko obì, mo bá ara mi níbi tí omi ti dé ẹsẹ̀ ilé. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n nà láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Bí mo bá ti gun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Mi ò sọ fún un. Mo ní ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ á rí i fúnra rẹ̀. Nígbà tó dà bíi pé kò rí i, mo di aṣọ díẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé, mo sì wá jókòó sí Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Mo fẹ́ wò ó bóyá á wá mú mi. Òun náà jókòó sí Mákùn, ó fẹ́ wò ó bóyá ilé òun wù mí tó láti padà wá láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ mí. Òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ títí, ó dá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣọ́ ara wa láti òkèèrè, tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara wọn.

Ìyá Àgbà ló pè mí. Wọ́n ti darúgbó gan-an nígbà yẹn. Wọ́n fi ṣílè yìí sí mi lọ́wọ́, wọ́n sọ ìtàn àpá rẹ̀ fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí. Wọ́n wá ní, “Ọma mi, owó ló ń dún tí èèyàn bá jù ú. Ọkọ kì í dún. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bi í léèrè.”

Mo padà. Bí ọkọ̀ ṣe gúnlẹ̀, mi ò rí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mọ́. Bàbá rẹ ti kan afárá tó fẹ̀ síbẹ̀, ó fi igi ṣe ibi ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì. Ó ti rí i tipẹ́ pé ẹ̀rù ń bà mí. Inú òjò yẹn ló ti ń kàn án díẹ̀díẹ̀, kò sì ránṣẹ́ sí mi, torí òun náà gbọ́n bíi tèmi. Mo dúró lórí afárá, mo ń sunkún. Bàbá rẹ ò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe, ó kàn ń nu epo ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣòkòtò.

A gbé ayé wa dáadáa lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ náà rí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti lọ, òjò ọdún yẹn ni mo máa ń rò jù. Bí wọ́n bá ní mo lè rà á padà, kí n jókòó tì í nínú ilé orí omi yẹn, kí òjò máa lu páànù, kó máa sọ ìtàn ẹ́ńjìnnì tí mi ò lóye fún mi, mi ò ní ná an lọ́jà, iye tí wọ́n bá pè é ni n ó san. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Àbẹ̀kẹ́. Ó ń sọ mí láàárọ̀ tí mi ò bá lè ṣí ìdérí ìgò oyin, tí mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe orúkọ rẹ̀ kí n tó rántí.

Ẹ̀kẹta kúrú: jẹun. Àárò kì í pa ẹni tó yó.

Ẹ̀kẹrin, má máa bó ojú ilé rẹ fún àlejò. Mo ń rí àwọn fọ́tò tí o ń gbé sórí fóònù, ìwọ àti Gàníyù tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jà láàárọ̀, ẹ fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ láìya fọ́tò. Ìgbéyàwó tó bá ti ń pẹ́ a máa dúdú díẹ̀, àmì pé ẹ̀ ń lò ó ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á mọyì rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní ìmọ̀ràn mìíràn lórí àwọn àna rẹ àti lórí owó oṣù rẹ, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ń tì mí. Gàníyù pè mí. Ó kí mi títí, ó bèèrè orúnkún mi, mo sì mọ̀ pé ohun kan wà tó fẹ́ sọ. Ó ní, “Màmá, Ràfíá ò jẹun bó ṣe yẹ. Bí mo bá bi í, á ní kò sí nǹkan. Ìborùn tí ẹ wé fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló ń dì mú sùn. Mo rò pé àárò yín ló ń sọ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un kó má dà bíi pé mò ń ṣọ́ ọ. Ṣé ẹ lè bá wa wá?”

Ọmọ mi, ó fura. Ó ti fura kó tó di pé o kọ̀wé sí mi. Ìwọ ń wò ó, òun náà ń wò ọ́, ẹ ò sì sọ nǹkan kan fún ara yín, ó kù díẹ̀ kí òjò dá.

Èmi tí mò ń gbà ọ́ nímọ̀ràn yìí wá ńkọ́? Láti ìgbà tí a ti sìn ọ́ lọ sílé ọkọ, mi ò bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà wo lo ń bọ̀. O rò pé ó jẹ́ pé mi ò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Irọ́ ni. Mo fẹ́ wò ó bóyá ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, mo máa ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Tí o bá kí mi tán tí o ò sọ ọ́, mo máa ń ní kò burú, ọmọ ti di ìyàwó ilé. Lẹ́yìn náà n ó lọ sí yàrá rẹ, n ó ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Mo ṣì ń rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ tó tó èèyàn méjì jẹ. Ilé yìí tóbi jù fún mi láìsí ìwọ. Mo ti sọ ọ́ báyìí, ilẹ̀ ò sì lanu.

Ti ṣílè, mo fi aṣọ òwú wé e, ó wà nínú àpò mi. Ìwọ ló ni ín láti òní. Bí ó bá wù ọ́, tà á fún ọ̀rẹ́ Gàníyù, kí o sọ fún un nípa àpá náà kó tó sanwó. Bí kò bá wù ọ́, fi pamọ́. Èyíkéyìí tí o bá ṣe, mi ò ní fi mọ bí o ṣe fẹ́ràn wa tó.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀la ni mo ń gba ọ̀nà Ọrẹ bọ̀. Gàníyù ló máa pàdé mi ní ibùdókọ̀, òun ló sì máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé. Má bínú sí i pé kò sọ fún ọ, èmi ni mo ní kó jẹ́ kí o kà á tán ná, torí mi ò ní lè fẹnu sọ ìdajì rẹ̀ tí mo bá rí ojú rẹ. Mi ò tíì mọ yàrá tó máa fi mí sí nínú ilé yín. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ibẹ̀ ni mo wà bí o ṣe ń kàwé yìí, mo sì ń gbọ́ bí o ṣe ń ṣí ìwé.

Wá ṣílẹ̀kùn, ọmọ mi. Mi ò lè dúró mọ́.

Ìyá rẹ,
Sàlámátù